Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Kàbà lórí Ìjà Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ Owé ní Kàbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí àríyànjiyàn tí ẹ ń ṣe lórí ayélujára, níbi tí ẹni tí ó ní iPhone ti ń pe ẹni tí ó ní Tecno ní òtòṣì, tí ọ̀rẹ́ sì ń bú òbí ọ̀rẹ́.

Irú ìjà yìí kì í ṣe tuntun, àwa náà jà lórí ilé-iṣẹ́ fóònù. Ní ọdún 2001, nígbà tí ilé-iṣẹ́ MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, bí ènìyàn fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré sọ̀rọ̀, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni yóò san, àfi ìgbà tí Glo dé ní 2003, tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ìdíje tiwọn ni ó ṣe wá láǹfààní, kì í ṣe èébú tiwa. Econet tí àwọn kan ń torí rẹ̀ jà nígbà náà di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, Airtel ni lónìí.

Ẹ ra fóònù tí agbára yín ká, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹyin lohùn, èyí tí ẹ sì kọ sórí ayélujára, bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́, ẹlòmíràn lè ti yà á pamọ́ sínú fóònù tirẹ̀.