Aké Tí Ìyá Rẹ Ń Fẹ́ Lọ Lóru

Abẹ́òkúta

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

  Ṣé òtútù Lóńdọ̀nù ọdún yìí kò mú eékún rẹ bíi ti èṣí? Ìyàwó mi ní kí n bá òun kí ọ dáadáa, ó ní oògùn ojú tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́. Bàtà tó bá a wá kò gbà á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹni tó gbà. Ọyẹ́ ti dé síhìn-ín, ètè gbogbo wa ti sán. A ń dúpẹ́.

Àbúrò rẹ sọ fún mi ohun tí o ní kó ṣe. Mo ní kó tún un sọ. Pé kó máa ti géètì pa ní kùtùkùtù alẹ́, kó ní kí dókítà fún ìyá rẹ ní oògùn oorun, torí wọ́n ń sọ kántankàntan, wọ́n ń di ẹrù lóru pé àwọn ń lọ sí Aké. Àti pé kó ta àpótí àdìrẹ wọn fún oníṣòwò kan, kí yàrá lè gba nọ́ọ̀sì.

Ìwọ tí wọ́n fi owó àdìrẹ ẹlẹ́kọ rán níwèé?

Aké tí ìyá rẹ ń fẹ́ lọ yẹn, ti 1947 ni. Màámi, ìyá ìyá rẹ, wà lára àwọn obìnrin tí Ìyá Ransome-Kuti kó lọ síwájú ààfin Aláké ní Aké nítorí owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ìta gbangba ni wọ́n sùn mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá rẹ yìí, ọmọdé nígbà náà, di ìró màámi mú. A kò tíì bí mi, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ: ẹ̀kọ tútù tí wọ́n jẹ láìsí ọbẹ̀, obìnrin tí wọn kò mọ̀ rí tó fi gèlè rẹ̀ bò wọ́n. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní 1949, màámi ká ìró ọjọ́ náà, wọ́n fi pa mọ́. Inú àpótí tí o fẹ́ tà yẹn ló wà. Èwo ni nínú wọn? Èmi kò mọ̀. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àìsàn ìgbàgbé yìí, ti àná ló kọ́kọ́ ń kó lọ. Wọn kì í rántí pé àwọn ti jẹun láàárọ̀, ṣùgbọ́n bi wọ́n ní bí a ṣe ń se ẹ̀kọ tí a fi ń ya àdìrẹ. Wọ́n á sọ bí lááfún ṣe gbọ́dọ̀ kúnná tó, irú ìyẹ́ adìyẹ tó dára, àti bí òpó gbọ̀ngàn Màpó ṣe ń jókòó nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn, ọwọ́ wọn á sì máa rìn lórí tábìlì. Nítorí náà, má pè wọ́n mọ́ lórí fóònù láti bi wọ́n pé, "Màámi, ta ni mí?" Nígbà tí o pè kẹ́yìn, wọ́n bi mí bóyá àwọn jẹ ọmọbìnrin yẹn lówó ni.

Nígbà tí àìsàn gbé màámi dè, Kàdúná ni mo wà, lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Mo kó mílíìkì wá, mo sanwó dókítà, mo rò pé mo ti ṣe ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, wọ́n dé ibì kan nínú oríkì wa tí n kò gbọ́ rí, ibi tó kan ilé tí a ti ṣí kí Ẹ̀gbá tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Mo ní, "Màámi, ẹ sinmi, ẹ ó sọ ìyókù lọ́la." Ìdájí ni mo wọkọ̀ padà sí Kàdúná, n kò sì gbọ́ ìyókù mọ́. Títí di òní, bí wọ́n bá ń kì wá níbi ìnáwó, mo mọ ibi tó ti já. Àwọn yòókù á máa náwó fún onílù, èmi á máa wolẹ̀.

Ìyá rẹ mọ ibẹ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé ìyá èmi kò kì mí ni? Ọmọ wọn ni wọ́n máa kì, èmi kọ́.

O ní kò sí ìsinmi níbi iṣẹ́. A rí fọ́tò rẹ níbi ìgbéyàwó l'Ékòó. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ la fi ń ra oògùn, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti aláìsàn. Wá, mú ọmọ rẹ obìnrin dání, mú ìwé àti kálàmù, kí o kọ oríkì náà sílẹ̀. Àbúrò rẹ ní fóònù á gbà á sílẹ̀. Ó lè gbà á, ṣùgbọ́n fóònù kò ní bi wọ́n pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì á sùn ní pálọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti lé oníṣòwò náà. Mo ní kí àbúrò rẹ bá wọn dé ẹnu géètì bí wọ́n bá tún di ẹrù, kó bi wọ́n ta ló ń dúró dè wọ́n l'Aké. Bí lẹ́tà yìí bá bí ọ nínú, gbé ìbínú náà wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí o máa bọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ