Iná Lórí Omi: Ó Gbé, Ó Kú, Ó Tán

Yorùbá kò pààlà sáàárín iná ìdáná, iná àtùpà àti iná mànàmáná. Iná ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ní báyìí tí ètò ìrìnnà ojú omi ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Omi Èkó fẹ́ kó ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná wá sórí ọ̀sà, ó yẹ kí awakọ̀ àti èrò mọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà lò, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà gan-an ńkọ́? "Ọkọ̀ oníná" kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ọkọ̀ ń jó. "Ọkọ̀ oníbátìrì" ló yé tẹrú-tọmọ.

Gbé. "Iná gbé e" là ń wí nígbà tí wáyà bá mú èèyàn. Odò náà a máa gbé èèyàn lọ. Ní èbúté tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, méjèèjì lè pàdé. Bí wáyà tí wọ́n fi ń ṣáàjì ọkọ̀ láti orí ilẹ̀ bá bó, iná lè máa sá wọ inú omi láìsí ẹni tó rí i. Ó rọrùn fún iná láti gba ara èèyàn kọjá ju kó gba irú omi bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan ẹni tó ń wẹ̀ nítòsí á gan, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọn tó wà létí omi á ní odò ló gbé e, bẹ́ẹ̀ iná ló kọ́kọ́ gbé e. Ẹ má wẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń gba ṣáàjì. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má bẹ́ sómi: ẹ pa iná lórí ilẹ̀, kí ẹ ju okùn sí i.

Kú. Iná ìdáná lè kú. Ti bátìrì lithium, "iná rọlẹ̀" ló tọ́ ká wí. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2019, iná sọ nínú yàrá bátìrì ọkọ̀ ojú omi Ytterøyningen ní Norway. Iná rọlẹ̀, nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, gáàsì tó kóra jọ sínú ọkọ̀ bú gbàmù. Ẹni tó ń ṣáàjì mọ́jú láìsí olùṣọ́, kó rántí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bátìrì tó wú, tàbí tí omi iyọ̀ ti wọ̀, ẹ má ṣáàjì rẹ̀.

Bákan náà, ẹ́ńjìnnì tó "dákẹ́" kò tíì "kú". Ti oníbátìrì kì í pariwo, nítorí náà ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan irin tó ń yí lábẹ́ omi.

Tán. Ohùn ló ṣe pàtàkì níbí. "Iná tàn": ó mọ́lẹ̀. "Iná tán": kò sí mọ́. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé "tàn", ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ohùn àárín: "tan iná". Awakọ̀ tó bá fi "ina tan" ránṣẹ́ lórí fóònù láìfàmì sí i, ẹni tó wà ní èbúté kò ní mọ̀ bóyá kóun yọ̀ ni tàbí kóun wá gbé e. Kó kọ "bátìrì ti tán". Atẹ́gùn tó dojú kọ ọkọ̀ àti eré àsápajúdé ló ń tètè jẹ bátìrì. Ẹ dín eré kù, á pẹ́ kó tó tán. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdáàbòbò ẹ̀mí, kí àjẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàmì sí i dáadáa: àjẹ̀ la fi ń tukọ̀, a ò ní kẹ́ ẹ gbé àjẹ́ dání.