Fọ́nrán Kọ́ Ni Géèmù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ràn géèmù, mo mọ̀ pé bí àgbà bá ti dá ọ̀rọ̀ géèmù sílẹ̀, ohun tí ẹ máa ń retí ni kó ní kí ẹ pa á tì, kí ẹ lọ kàwé. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò bá tìyẹn wá. Ariwo tó máa ń sọ nígbà tí iléeṣẹ́ kan bá gbé fọ́nrán géèmù tuntun jáde ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá géèmù ayé àròsọ, níbi tí idà, oṣó àti ẹbọra ti ń pàdé. Fọ́nrán ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti búra pé irú rẹ̀ ò sí láyé, àwọn kan ti ní ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì ti ń bú ìyá ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, géèmù ọ̀hún lè má jáde títí ọdún méjì sí i.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ géèmù, ibi tí gbogbo ojú kọ sí kọ́ ni igi sábà máa ń gbà wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, iléeṣẹ́ Nintendo ṣe àfihàn tí wọ́n ń pè ní Space World nílẹ̀ Jàpáànù, láti fi agbára ẹ̀rọ tuntun wọn, GameCube, han aráyé. Lára ohun tí wọ́n gbé síta ni fọ́nrán kúkúrú kan níbi tí Link, akọni inú The Legend of Zelda, ti ń bá ọ̀tá rẹ̀ Ganondorf wọ̀yá ìjà. Idà pàdé idà, iná ń ṣẹ́, ojú àwọn méjèèjì le koko bíi ti èèyàn gidi. Agbára ẹ̀rọ ni wọ́n ń polówó, ṣùgbọ́n lọ́kàn àwọn olólùfẹ́ Zelda, géèmù tó ń bọ̀ ti dé nìyẹn.

Nígbà tó di ọdún 2001, ní Space World kan náà, fọ́nrán Zelda gan-an jáde. Link ti di ọmọ kékeré inú kàtúùnù: orí bàǹbà, ẹsẹ̀ kúkúrú, ojú ràgàjì bíi ti ológbò. Àwọn tó ń retí jagunjagun fajú ro. Wọ́n sọ géèmù náà ní "Celda" láti fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní Nintendo ti gba ohun àgbà lọ́wọ́ àwọn, ó ti gbé e fún ọmọ ọwọ́.

The Wind Waker ni wọ́n sọ géèmù náà. Ó jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2003. Ìwé ìròyìn Famitsu fún un ní 40 nínú 40. Ojú ràgàjì tí wọ́n ń bú ńkọ́? Ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí Link bá wọ yàrá kan, tí ohun pàtàkì kan bá wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ á yí sí i fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta géèmù á rí i pé Link ń wo ọ̀tún, òun náà á wo ọ̀tún, á sì rí ohun tí ì bá fojú fò. Ká ní ojú náà kéré bíi ti èèyàn gidi ni, ta ni yóò rí i láti orí àga tó jókòó sí? Nǹkan báyìí kì í hàn nínú fọ́nrán. Ẹni tó bá di páàdì mú nìkan ló lè jẹ́rìí sí i.

Ṣé géèmù náà wá pé láìlábùkù ni? Rárá o. Òkun ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ìrìn ojú omi sì gùn kọjá sísọ. Bí ẹ bá fẹ́ yà síbòmíràn, ẹ ó kọ́kọ́ dúró fi ọ̀pá orin darí atẹ́gùn síbi tí ẹ ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n á ní kí ẹ lọ wá àfọ́kù mẹ́jọ ti ohun agbára kan tí wọ́n ń pè ní Triforce nísàlẹ̀ òkun. Máàpù kan ló wà fún àfọ́kù kọ̀ọ̀kan, 398 owó inú géèmù lẹ ó sì san kí wọ́n tó bá yín túmọ̀ máàpù ẹyọ kan. Ó sú èèyàn púpọ̀. Lọ́dún 2013, nígbà tí Nintendo tún géèmù náà gbé jáde fún ẹ̀rọ Wii U, Link ṣì ni ọmọ olójú ńlá. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ìgbòkun tó yára, tí atẹ́gùn ń bá lọ síbikíbi tó bá dojú kọ. Wọ́n sì gé wíwá àfọ́kù kúrú, ó wá ku máàpù mẹ́ta péré tí èèyàn máa sanwó ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ohun tí wọ́n pariwo lé lórí ní 2001 ló dúró; ohun tí fọ́nrán ò lè fi hàn ni wọ́n padà wá tún ṣe.

Ìtàn kejì, Diablo III ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2008, iléeṣẹ́ Blizzard fi fọ́nrán rẹ̀ hàn ní Paris, nílẹ̀ Faransé. Àwọn tó ti ta Diablo méjì àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí géèmù òkùnkùn, ibojì àti ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá rí koríko tútù yọ̀yọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, inú bí wọn. Wọ́n kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí i. Àwọn kan tiẹ̀ mú àwòrán inú fọ́nrán náà, wọ́n pa á láró dúdú, wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Jay Wilson, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe géèmù náà, dá wọn lóhùn pé àwòrán tó bá dúdú tó bẹ́ẹ̀ lè wuni bó bá dúró sójú kan, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí èṣù bá ya lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ọ̀tá yàtọ̀ sí ògiri. Blizzard ò yí ọwọ́ padà. Wọ́n tún fi àwọn tó ń bínú ṣe ẹ̀fẹ̀: wọ́n fi ìpele kan pa mọ́ sínú géèmù náà tí wọ́n ń pè ní Whimsyshire, níbi tí òṣùmàrè ti yọ, tí ìkùukùu ń rẹ́rìn-ín, tí ẹṣin oníwo kan sì ń fi ìwo gún èèyàn pa.

Nígbà tí géèmù náà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹ̀dà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ló tà láàárín wákàtí 24. Kí ló wá dun àwọn tó rà á? Wọn ò rí ọ̀nà wọlé! Error 37 ni wọ́n ń rí lójú kọ̀ǹpútà wọn. Géèmù náà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń ta á nínú yàrá rẹ, èrò sì ti pọ̀ ju ohun tí sáfà lè gbé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, kò pẹ́ tí Blizzard ṣí ọjà tí wọ́n ti ń fi owó gidi ra idà àti ìhámọ́ra. Adùn Diablo sì nìyí: kí èèyàn pa ẹbọra, kí ohun rere jábọ́ lára rẹ̀. Bó bá di pé ohun tó wà lọ́jà dára ju ohun tó ń jábọ́ lọ, kí lèèyàn ń jagun fún? Ẹ̀hónú pọ̀, Blizzard sì ti ọjà náà pa ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2014.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fọ́nrán Paris ò fi Error 37 hàn, kò fi ọjà hàn. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni Blizzard fi kéde ọjà náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, láàárín àlàyé gígùn tí kò dùn ún kà. Àwọn tó fara balẹ̀ kà á lọ́jọ́ náà ló ti rí wàhálà tó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ nìyí: bí iléeṣẹ́ bá fi àwòrán hàn yín, ẹ wò ó, bó bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ló ń gé fọ́nrán tí ẹ ń wò? Ẹni tó ń tajà ni. Alásọ kì í fi ibi tí aṣọ ti lu kọ́ síwájú ìsọ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di olè, ọjà ló ń tà. Ẹni tó fẹ́ rà ni yóò ní kó tú aṣọ náà wò.

Mi ò ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ o. Ariwo yín lágbára, àwọn iléeṣẹ́ sì ń gbọ́ ọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, ní Los Angeles, Nintendo fi Zelda mìíràn hàn, Link ti padà di géńdé lórí ẹṣin. Gbọ̀ngàn náà mì tìtì fún ariwo ayọ̀, Shigeru Miyamoto, ọ̀kan lára àwọn tó dá Zelda sílẹ̀, sì jáde sórí ìtàgé pẹ̀lú idà àti apata lọ́wọ́. Eiji Aonuma, tó darí géèmù méjèèjì, ti sọ ọ́ pé bí The Wind Waker kò ṣe tà dáadáa tó ní Amẹ́ríkà wà lára ohun tó mú àwọn yà sọ́nà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú bí ohun tí wọ́n fi hàn bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n tà. Nígbà tí The Witcher 3 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn tó ti rí fọ́nrán rẹ̀ ọdún 2013 fi àwòrán méjèèjì síra, wọ́n bi iléeṣẹ́ CD Projekt Red tó ṣe é ní Pólándì pé ìmọ́lẹ̀ àti èéfín tó lẹ́wà yẹn dà. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ wọn. Géèmù náà ṣì padà di ààyò ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohùn ẹni tó ti ta géèmù wúwo ju ohùn ẹni tó wo fọ́nrán lọ. Ohùn wọn ló ti ọjà Diablo pa. Ìwé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí nítorí àwọ̀ koríko ò yí nǹkan kan padà.

Torí náà, bí fọ́nrán tuntun bá jáde, ẹ gbádùn rẹ̀, kí ẹ sì wá béèrè ohun tó fi pa mọ́. Ṣé ẹni tó ń ta á ni mo ń wò, àbí fíìmù lásán ni wọ́n yà? Ṣé ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo? Ìbéèrè yìí kan ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà sì ń tán kó tó mọ̀, ju ẹni tó wà ní Paris lọ. Ààyè mélòó ló máa gbà? Géèmù Elden Ring nìkan ń béèrè 60GB lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi owó dátà yín ṣírò rẹ̀. Ṣé wọ́n á tún máa ta nǹkan fún yín nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á?

Ẹ pa owó yín mọ́ pẹ̀lú. Láyé ìgbà tí géèmù wà nínú páálí nìkan, ó lè tán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó sanwó sílẹ̀ gbọ́n. Èyí tí ẹ ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tán. Kí wá ni ìkánjú? Ẹ dúró títí àwọn tó ti ta á yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti rà á lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè béèrè owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bí ẹ ò bá tíì ta á tó wákàtí méjì. Nítorí náà, ẹ má fi wákàtí méjì àkọ́kọ́ yẹn ṣòfò sórí yíya irun akọni yín.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí iléeṣẹ́ Hello Games sún ọjọ́ tí géèmù wọn, No Man's Sky, máa jáde síwájú láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, Sean Murray, olórí wọn, sọ pé àwọn kan ti ń halẹ̀ pé àwọn á pa òun. Nítorí oṣù méjì! Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa iṣẹ́, ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà, ẹ sọ ibi tó kù sí, kí ẹ fi ẹni tó ṣe é àti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ìdúró bá sì gùn, ẹ fi ṣeré. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ FromSoftware fi ṣe ìfilọ̀ Elden Ring ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, wọ́n sì dákẹ́ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò ṣépè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn fúnra wọn: wọ́n sọ ọ̀tá tí kò sí lórúkọ, wọ́n ń jiyàn lórí ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí géèmù náà dé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n rà á, wọ́n ta á, wọ́n wá sọ ohun tí ojú wọn rí, dídára àti àìdára rẹ̀. Irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́. Ẹni tó bá dúró kó tó dájọ́, bó bá yin géèmù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á rà á; bó bá ní kò dára, iléeṣẹ́ tó ṣe é á jókòó gbọ́ ọ.