Ọ̀rọ̀ Lórí Irinṣẹ́ Àlòkù, fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Káfíńtà

Ọmọ mi, mo rí ìfági tó o rà bọ̀ láti ọjà Deptford lọ́jọ́ Sátidé. Inú rẹ dùn sí i, n kò sì fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti sán. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, fetí sí ohun tí ojú mi ti rí nídìí irinṣẹ́ àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí.

1. Tètè jí. Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni ti Deptford. Ọjà inú pápá, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tajà láti inú bùútù mọ́tò, àárọ̀ Sọ́ńdè ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń rà láti tún tà á máa ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bó o bá dé ní aago mẹ́wàá, àjẹkù wọn lo máa rà.

2. Mọ orúkọ kó o tó náwó. Sheffield ni ìlú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Record àti Marples ti wá. Ní Amẹ́ríkà, Stanley ra ẹ̀tọ́ lórí ìfági tí Leonard Bailey ṣe ní 1869, ọgbọ́n tirẹ̀ náà ló ṣì wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ káfíńtà ń lò dòní. Nọ́ńbà 4 la fi ń dán igi, Nọ́ńbà 5 la fi ń fá èyí tó ṣì rí gbágungbàgun. Àwọn méjèèjì ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n pọ̀ lọ́jà, wọn kò wọ́n, abẹ tuntun tó bá wọn mu sì ṣì wà. Má torí Nọ́ńbà 1 dààmú. Àwọn tó ń kó nǹkan jọ ló sọ ọ́ di olówó gọbọi, ó kéré jù fún iṣẹ́ rẹ.

3. Má sá fún ìpẹtà, sísán ni kó o sá fún. Èyí ni mo fẹ́ kó o dì mú jù. Irin dídà ni ara ìfági bíi ti Stanley àti Record. Kì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Bó bá já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, etí ihò tóóró tí abẹ ti ń yọjú ló sábà máa ń lọ, ìlà náà sì lè tín-ín-rín bí irun. Ìpẹtà gan-an ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, dojú rẹ̀ sókè, fi àtàǹpàkò nu ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ìpẹtà ojú lásán ńkọ́? Rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, fi omi ṣàn án, nù ún gbẹ, kó o sì fi epo pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fínígà tètè ń dógùn-ún.

4. Ẹ̀yìn ṣísẹ̀lì ni kó o yẹ̀ wò. Ibi tí ẹ̀yìn àti iwájú ti pàdé ni mímú rẹ̀ wà. Bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn nítòsí ẹnu, ẹnu yóò dàbí eyín tó kán, yóò sì máa fa ìlà sójú igi.

5. Gbé ayùn sókè, kó o wo ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń wo ojú ìbọn. Tó bá ti wọ́, fi sílẹ̀. Eyín tó kú ṣe é pọ́n, ayùn tó wọ́ kò rọrùn-ún tún ṣe. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi "Warranted Superior" tó wà lára idẹ èèkù rẹ̀ gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́.

6. Má bú ọjà ọlọ́jà. Mo rí opó kan tó ń fi aṣọ nu irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin kan dé, ó ní pàǹtí ni gbogbo rẹ̀. Ìyá náà kó wọn padà sínú mọ́tò, kò ta ọ̀kankan mọ́. Kí i, bèèrè iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, kó o tó dárúkọ owó.

7. Fi aṣọ wé abẹ kó o tó kúrò lọ́jà. Òfin ilẹ̀ yìí láti 1988 ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ohun ẹlẹ́nu mímú kiri ní gbangba láìní ìdí tó yanjú. Ìwọ ní ìdí, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dá ọ dúró kò mọ̀ ọ́ rí. Ọmọ dúdú ni ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ. Dì í, tì í sí ìsàlẹ̀ àpò, gba ilé lọ tààrà. Má gba ilé àríyá kọjá.

8. Má fi sáńpépà pa orúkọ rẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà àtijọ́ máa ń tẹ orúkọ wọn sí iwájú ìfági onígi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tòun ni. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn wọn á tẹ tirẹ̀ sí i. Orúkọ mẹ́ta ló wà lára èyí tí mo ń lò. Tèmi ni ẹ̀kẹta.

Gbé èyí tó sán yẹn wá lọ́jọ́ Àìkú. Abẹ rẹ̀ ṣì dára. A ó yọ ọ́, a ó pọ́n ọn, a ó sì jọ wá ara mìíràn fún un.