Báwo Ni Kẹ́tùlù Ṣe Ń Mọ̀ Pé Omi Ti Hó?

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo kọ, ṣùgbọ́n ilé wa ní Bermondsey ló ti bẹ̀rẹ̀.

Grandma wa wá láti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé omi tíì kaná nínú kẹ́tùlù iná mànàmáná, wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa wo omi náà, wọ́n sì lọ gbàdúrà. Omi hó, hó, hó, kẹ́tùlù ò kú. Èéfín omi kún kíṣìnì, ògiri ń ṣomi. Dádì mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan kẹ́tùlù mọ́." Grandma ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọn ò mu tíì àfi tí ẹnì kan bá fún wọn. Ó dùn mí. Mo wá fẹ́ mọ̀: ṣé Grandma ló bà á jẹ́ ni?

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú swíìṣì kẹ́tùlù. Ó dà bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n irin méjì tí kò jọra ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra pinpin. Gbogbo irin ló máa ń gùn sí i díẹ̀ tó bá gbóná, àmọ́ wọn kì í gùn bákan náà. Tí ọ̀pá irin tó gùn ní mítà 1 bá kúrò ní 20°C dé 100°C, á fi bíi mìlímítà 1 gùn sí i. Ti idẹ á tó 1.5. Ti alumíníọ̀mù á fẹ́ẹ̀ tó 2.

Ẹ rántí eré ìje tí wọ́n máa ń so ẹsẹ̀ ẹni méjì pọ̀ ní Sports Day. Tí ẹni tó wà lápá òsì bá yára jù, ẹ̀yin méjèèjì á yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin méjèèjì. Ọ̀kan fẹ́ gùn, èkejì ń fà á sẹ́yìn, kò sì sí èyí tó lè já. Wọ́n á wá jọ tẹ̀ sápá èyí tí kò gùn púpọ̀.

Èmi àti Mọ́mì dán an wò. A fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́ìlì mọ́ pépà, ó gbẹ, a gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Mọ́mì fi ẹ̀mú mú un sókè àbẹ́là, kò kan iná. Ó ká! Pépà ló wà nínú. Lẹ́yìn náà a lẹ pépà sí ojú fọ́ìlì méjèèjì. Èyí ò fẹ́ẹ̀ tẹ̀ rárá, torí pé òkè àti ìsàlẹ̀ ń fà á bákan náà. Fífà náà ṣì wà níbẹ̀ o, a ò kàn rí i ni. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má dá èyí ṣe láìsí àgbàlagbà.)

John Harrison, oníṣẹ́ aago, ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí. Ooru máa ń dá aago inú ọkọ̀ ojú omi láàmú, kì í jẹ́ kó pe àkókò. Ní 1740 ló bẹ̀rẹ̀ H3, aago rẹ̀ kẹta. Ó fi ọdún 19 ṣe é. Ó lẹ idẹ mọ́ irin nínú rẹ̀ kí títẹ̀ wọn lè máa tún ìṣirò aago náà ṣe. Ó wà ní Royal Observatory ní Greenwich. Bọ́ọ̀sì 188 á gbé yín dé Greenwich láti Bermondsey.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù. Swíìṣì rẹ̀ kì í wo omi. Èéfín omi ló ń dúró dè. Tí omi bá hó, èéfín á gba ihò kékeré kan lọ bá irin náà. Irin á gbóná, á yí padà lójijì, "pá!", á ti swíìṣì, iná á kú. Tí ìdérí bá wà ní ṣíṣí, èéfín á gba òkè lọ, irin ò ní gbóná tó.

Mo ya àwòrán rẹ̀ han Dádì àti Grandma. Grandma ní, "Àṣé ìdérí ni! Ìkòkò orí iná, àwa máa ń ṣí i wò ni." Dádì ní, "Màmá, ẹ má bínú." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Grandma ló po tíì fún gbogbo wa. Wọ́n dé ìdérí pa.

Ìbéèrè
1. Tí a bá lẹ alumíníọ̀mù mọ́ irin, tí a sì mú un gbóná, apá ibo ló máa tẹ̀ sí?
2. Kí ló dé tí pépà, fọ́ìlì, pépà kò fi tẹ̀?
3. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi ti hó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé?