Egbò Ètè Àfín Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Iyọ̀

Ẹ̀yin àfín tí ẹ ń roko, tí ẹ ń kọ́lé, tí ẹ ń gun ọ̀kadà tàbí tí ẹ ń pàtẹ ọjà sẹ́bàá títì, ẹ wo ètè ìsàlẹ̀ yín nínú dígí. Bí ó bá ń gbẹ, tí ó ń bó, tí ó ní àbàwọ́n funfun, tí ààlà ètè àti awọ ojú sì ti ń parẹ́, ẹ má ṣe pè é ní ọyẹ́. Ètè tí ọyẹ́ là máa ń san bí ọyẹ́ bá ti lọ. Èyí tí oòrùn bà jẹ́ kì í lọ bẹ́ẹ̀; ó lè wà fún ọdún púpọ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹbí a tún máa dá aláìsàn lẹ́bi: "Ó ti jẹ iyọ̀." Lóòótọ́, iyọ̀ jẹ́ èèwọ̀ Ọbàtálá, òrìṣà tí àwọn baba wa gbà pé òun ló ni àfín. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèwọ̀ mọ́, kó pa á mọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ló ń dá egbò yìí sílẹ̀, oòrùn ni. Mẹ́lánììnì tó ń mú awọ dúdú ló ń gba ara lọ́wọ́ oòrùn, ó sì kéré púpọ̀ lára àfín. Awọ ètè tín-ín-rín, ti ìsàlẹ̀ ló sì kọjú sí oòrùn jù.

Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ máa dé, kì í ṣe abetí ajá. Òrí ń mú ètè rọ̀, kò lè dí oòrùn tó. Ẹ ra ìpara ètè tó ń dí oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti lẹ́yìn oúnjẹ. Láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ibòji bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ fún àwọn àfín láyè láti wá ibòji. Sìgá ń fi kún ewu náà.

Egbò tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò jinná, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó le gbandi, ọ̀dọ̀ dókítà eyín tàbí ti awọ ni kí ẹ gbé e lọ, ìbáà ṣe àfín tàbí aláwọ̀ dúdú. Wọn yóò gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá tètè rí i, ó ṣeé wò sàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn jó o.

Ẹ̀yin òbí, láti kékeré ni ìbàjẹ́ tí oòrùn ń ṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó jẹ́ àfín jókòó ti ọjà lábẹ́ ibòji, kí ẹlòmíràn máa kiri.