Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ: ǸJẸ́ ERÉ MẸ́MÓRÌ LÈ MÚ PRỌ́SẸ́SỌ̀ GBÓNÁ?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú yín ní Agodi àti káàkiri Ìbàdàn ló ń fi kọ̀ǹpútà jẹun: ẹ ń tẹ ìwé, ẹ sì ń ge fídíò wáàsí. Ìbéèrè wa lóṣù yìí ni pé: bí a bá tan XMP fún mẹ́mórì, ṣé ó lè mú kí prọ́sẹ́sọ̀ gbóná? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tó ń gbà, kí a má baà dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

1. Kí ni XMP?
Mẹ́mórì DDR4 tí wọ́n kọ 3600 sí lára lè máa sáré ní 2133 tàbí 2400 péré bí a kò bá fọwọ́ kàn án. XMP, tí Intel gbé jáde ní 2007, jẹ́ àkọsílẹ̀ inú mẹ́mórì tó ń sọ eré àti fóltì tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí. EXPO ni ti AMD, ó jáde ní 2022. Bí a bá tan XMP nínú BIOS, fóltì DDR4 sábà máa ń kúrò ní 1.2 bọ́ sí 1.35.

2. Báwo ni ooru ṣe ń dé prọ́sẹ́sọ̀?
Láyé àtijọ́, orí motherboard ni ẹ̀yà tó ń darí mẹ́mórì wà. AMD gbé e wọ inú prọ́sẹ́sọ̀ ní 2003, Intel ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Nítorí náà, bí mẹ́mórì bá sáré, prọ́sẹ́sọ̀ ló ń darí eré náà. Motherboard sì lè fi kún fóltì ẹ̀yà yìí láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Bí fóltì bá ti 1.0 dé 1.2, ooru lè ti 100 dé 144, nítorí pé 1.2 lọ́nà 1.2 jẹ́ 1.44.

Èyí nìkan kì í sábà fi ju dígírì díẹ̀ kún ooru prọ́sẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn motherboard kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tan XMP, wọ́n á tún mú òdiwọ̀n iná prọ́sẹ́sọ̀ kúrò. Àlejò kan la pè, méjì ló wọlé. Ní 2023, àwọn prọ́sẹ́sọ̀ Ryzen 7000X3D kan jóná nítorí fóltì tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n tan EXPO. AMD fi òdiwọ̀n fóltì 1.3 lé e nínú BIOS tuntun.

3. Ti Ìbàdàn ńkọ́?
Bí yàrá bá fi dígírì kan gbóná sí i, prọ́sẹ́sọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Èyí tó wà ní 75 nínú yàrá tó jẹ́ 21 nílùú òtútù lè dé 87 nínú yàrá tó jẹ́ 33 lásìkò ẹ̀rùn wa. Ọ̀pọ̀ prọ́sẹ́sọ̀ Intel ló ń dín eré wọn kù bí wọ́n bá dé 100, ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 ní 95. Eré tí a ń wá á wá di àdánù.

4. Kí ni kí a ṣe?
(a) Ẹ pa XMP. Lẹ́yìn ìrun Àyìlá, ẹ ṣe iṣẹ́ yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi HWiNFO wo ooru, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tan XMP, ẹ ṣe iṣẹ́ kan náà lákòókò kan náà.
(b) Bí ìyàtọ̀ bá tó 10, ẹ wo BIOS bóyá òdiwọ̀n iná prọ́sẹ́sọ̀ ti kúrò. Bí ẹ ó bá gbé BIOS tuntun sí i, ẹ rí i pé UPS tàbí inverter wà. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, motherboard lè bàjẹ́.
(d) Bí ó bá gbóná láìsí XMP, ẹ gbọn eruku, ẹ pààrọ̀ ìpara tó wà lórí prọ́sẹ́sọ̀.
(e) Bí kọ̀ǹpútà bá ń kú lójijì, ẹ pa XMP. Àṣìṣe mẹ́mórì lè ba iṣẹ́ oníbàárà jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀.
(ẹ) Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó jẹ́ tòkunbọ̀ ni kò ní XMP rárá. Ẹ wádìí kí ẹ tó náwó lórí mẹ́mórì olówó gọbọi.

Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ oníbàárà, àmánà ni wọ́n lọ́wọ́ wa. Kò léèwọ̀ láti wá eré, ṣùgbọ́n kí ó ní ìwọ̀n. Ọlọ́hun yóò fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.